Ọkọ̀ Tó Ń Kú Bí Ẹ Bá Fi Sí Gíà: Kílọ́ọ̀ṣì Ni Àbí Epo?

ÌBÉÈRÈ: Lọ́rì Mercedes 911 àtijọ́ ni mo fi ń kó pákó láti Ìjerò gba Arámọkọ lọ sí Adó. Bí mo bá tan án láàárọ̀, ẹ́ńjìnnì á máa ró geere. Àmọ́ bí mo bá ti fi sí gíà, á gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, á sì kú. Mẹ́káníìkì kan ní kí n tú ẹ́ńjìnnì palẹ̀. Èkejì ní pọ́ọ̀ǹpù ló bàjẹ́. Ta ni kí n gbọ́? (Onílọ́rì, Ìjerò-Èkìtì)

ÌDÁHÙN: Ẹ má tíì gbọ́ ti ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ọ̀nà méjì ni àìsàn yìí sábà máa ń gbà wá. Ó lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì kò já tán, tí gbogbo ìwúwo ọkọ̀ fi ń já lé ẹ́ńjìnnì lórí lójijì. Ó sì lè jẹ́ pé epo tó ń dé inú ẹ́ńjìnnì kò tó gbé ẹrù. Ìdánwò kan tí kò ná yín ní kọ́bọ̀ ló máa yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tó tẹ́jú, láìsí ẹrù lórí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dúró níwájú tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ tan án, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì dé ìsàlẹ̀, ẹ ka ení, èjì, títí dé àrún, kí ẹ tó fi sí gíà kìíní. Ẹ má gbé ẹsẹ̀ o. Bí gíà bá ń ha, tí ọkọ̀ fò síwájú tó sì kú, nígbà tí ẹsẹ̀ yín ṣì wà níbẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì ni. Bó bá dúró jẹ́ẹ́, tó jẹ́ ìgbà tí ẹ ń tú ẹsẹ̀ sílẹ̀ ló ń kú, ẹ yẹ bíréèkì ọwọ́ wò bóyá ó há, kí ẹ tó kọjú sí epo.

Bó bá jẹ́ kílọ́ọ̀ṣì, ẹ wo òróró rẹ̀ bóyá ó ti lọ sílẹ̀. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ léraléra tó wá ń le, afẹ́fẹ́ ti wọnú páìpù nìyẹn: kí wọ́n fà á jáde, kí wọ́n sì wo rọ́bà inú pọ́ọ̀ǹpù kílọ́ọ̀ṣì tòkè àti tìsàlẹ̀. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ nínú òjò láìrìn, pátákó kílọ́ọ̀ṣì rẹ̀ lè ti dípẹtà mọ́ ara irin tó ń tẹ̀ ẹ́. Ìgbà yẹn ni kí ẹ tó sọ gíà bọ́ọ̀sì kalẹ̀.

Bó bá jẹ́ epo, ẹ rántí pé ẹ́ńjìnnì OM 352 ló wà nínú ọ̀pọ̀ 911: ṣíléńdà mẹ́fà, lítà 5.7, kò sí kọ̀ǹpútà kankan níbẹ̀. Dísẹ́ẹ̀lì tó mọ́, tí kò ní omi àti afẹ́fẹ́ nínú, ló ń fẹ́. Ẹ ṣí ìdérí táǹkì kí ẹ tún un dán wò, torí ihò tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ táǹkì lè ti dí. Ẹ tú omi ìsàlẹ̀ táǹkì dànù, ẹ pààrọ̀ fílítà. Ẹ tú ìdè orí fílítà díẹ̀, ẹ fi ọwọ́ pọ epo: bó bá ń hó fòfò láìdáwọ́ dúró, páìpù kan ń fa afẹ́fẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ wo sílóò ẹ́ńjìnnì, ìyẹn bó ṣe ń yí nígbà tí ẹ kò tẹ iná mọ́ ọn. Bó bá ti kéré jù, ẹ gbé e sókè díẹ̀. Bí gbogbo èyí kò bá ràn án, ẹ gbé pọ́ọ̀ǹpù àti nọ́súlù lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán wọn wò. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ojú lásán tú pọ́ọ̀ǹpù.

Ẹ tún wo ẹrù yín. Nínú orúkọ 911, 9 dúró fún nǹkan bíi tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ọkọ̀ àti ẹrù lápapọ̀. 11 sì dúró fún nǹkan bí agbára ẹṣin 110. Kílọ́ọ̀ṣì ni àpọ̀jù pákó kọ́kọ́ ń jẹ run.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má gbé ọkọ̀ yìí gun òkè kankan títí ẹ ó fi tún un ṣe. Ẹ́ńjìnnì ló ń pọ afẹ́fẹ́ tí bíréèkì ń lò. Bó bá kú lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, ìwọ̀nba ìtẹ̀ díẹ̀ ló kù kí afẹ́fẹ́ tán, àwọn èèyàn sì ń bẹ lẹ́yìn yín lójú ọ̀nà.