Oníbìínú ni, àbí ó bínú?

Lọ́dọọdún ni ọ̀gá ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ ìjọba máa ń kọ èrò rẹ̀ nípa ọmọ abẹ́ rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní APER. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ ní sẹkitéríàtì ìjọba ìbílẹ̀ rí, ì báà ṣe ti Gúúsù Yewa ní Ìlaròó tàbí ti Àríwá Yewa ní Ayétòrò, á mọ̀ pé Yorùbá ni wọ́n ti fi dá ẹjọ́ náà tán kí ẹnikẹ́ni tó mú bírò. “Inú ọmọ yẹn jìn.” “Alágídí ni.” “Ẹ fi í sílẹ̀ jàre, oníbìínú ni.” Ọ̀rọ̀ bíńtín báyìí, ó parí. Àwọn orúkọ tí à ń fún ìwà ara wa níbi iṣẹ́ ni mo fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, àti ọ̀nà tí gírámà fi ń tì wá ṣe ìdájọ́ tí a ò mọ̀ pé à ń ṣe.

Ẹ wo gbólóhùn mẹ́ta yìí: Ó bínú. Ó máa ń bínú. Oníbìínú ni. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan ni àkọ́kọ́ ń sọ, ó sì ní ìdí: bóyá owó oṣù ni kò wọlé, bóyá wọ́n gbé fáìlì rẹ̀ sọnù. Èkejì ń sọ ohun tó ti mọ́ ọn lára. “Máa ń” tó wà níbẹ̀ ń sọ fún wa pé ó ti ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ẹni tó bá sì sọ ọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ ìgbà tí ojú rẹ̀ rí i. Ẹ̀kẹta kò mẹ́nu ba ìgbà kankan. Ó ti sọ ìṣe di ènìyàn, “oní-” ló sì ṣe iṣẹ́ yẹn. Ẹni tó ni ilé ni onílé. Ẹni tó ni ìbínú ni oníbìínú. Kò sí àlàyé tí ẹni bẹ́ẹ̀ lè ṣe mọ́. Bó bá rẹ́rìn-ín lọ́la, wọ́n á ní ó ń díbọ́n.

Irú ìyàtọ̀ yìí náà ló wà láàárín “kò” àti “kì í”, tí ọ̀pọ̀ ń dà pọ̀ mọ́ra. “Kò kí mi” jẹ́ ti àárọ̀ òní. “Kì í kí ènìyàn” ti di ti gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Mo ti gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń parí ìjà òṣìṣẹ́ méjì: ẹjọ́ ọjọ́ kan ni wọ́n wá rò, “kì í” ni wọ́n fi ń rò ó, ìjà náà kò sì lè parí, nítorí kò sẹ́ni tó lè bẹ̀bẹ̀ fún gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti ẹni tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ọ̀rọ̀ pọ̀ fún un lédè wa, wọn kì í sì í ṣe ọgbọọgba. Adákẹ́ ló yan ìdákẹ́. Onítìjú fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú àwọn ènìyàn ni kò jẹ́ kó sọ. Ẹni jẹ́jẹ́ ń sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ni kò ròkè. Ẹni tí a bá ní inú rẹ̀ jìn, ẹ̀sùn la fi kàn án, pé nǹkan wà ńbẹ̀ tó ń fi pa mọ́. Ó sì kù díẹ̀ kó di alárékérekè. Ní ìpàdé ọ́fíìsì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lè jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà kí ọ̀gá má mọ èwo ni èwo. Onítìjú á sọ̀rọ̀ bí o bá pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Adákẹ́ á kọ ọ́ fún ọ sínú ìwé bí o bá ní kó kọ ọ́. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pe gbogbo wọn á pàdánù ìmọ̀ràn ẹni méjì, ó kéré tán.

Àwọn àgbà pàápàá kò gbè sẹ́yìn apá kan. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Àwọn yìí kan náà ló tún ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

Ẹni tí ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn ni ọlọ́yàyà. Mo ti rí “oníọ̀yàyà” nínú ìwé, kò tọ̀nà. Bí fáwẹ̀lì tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ kò bá jẹ́ i, “n” inú “oní-” á di “l”, fáwẹ̀lì iwájú á sì tẹ̀ lé ti ọ̀rọ̀ náà: ọlọ́yàyà, ẹlẹ́nu, aláyà, olórí. Ẹ má sì ṣe rò pé ọ̀yàyà ni àsọjù. Bí ènìyàn ṣe ń gba ẹlòmíràn tojútojú ni ọ̀yàyà. Adákẹ́ lè ní in. Ajẹ́ǹtì tó ń bá aṣọ́bodè sọ̀rọ̀ ní ẹnubodè Ìdí-Ìrókò kò lè ṣe é láìní ọ̀yàyà, bó ti wù kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kéré mọ. Aláròyé ní tirẹ̀ ń rò títí. Èébú ni lẹ́nu ọ̀gá tó ń kánjú, síbẹ̀ òun náà ni orúkọ ìwé ìròyìn Yorùbá tí gbogbo wa mọ̀.

Àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ ìṣàkóso òwò, irú èyí tí wọ́n ń kọ́ ní Pọ́lì ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Ìlaròó láti 1979, á sọ pé àwọn òyìnbó ti ṣètò gbogbo èyí. Òótọ́ ni. Galen, oníṣègùn ayé àtijọ́, so ìwà mọ́ ẹ̀jẹ̀, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ àti oríṣi òróòro méjì. Ìwé tí àlùfáà Tim LaHaye ará Amẹ́ríkà gbé jáde ní 1966 wà lára ohun tó gbé irú ìwà mẹ́rin yẹn dé inú ṣọ́ọ̀ṣì. Ìdánwò Myers-Briggs ní tirẹ̀, tí Katharine Briggs àti ọmọ rẹ̀ Isabel gbé ka orí ìwé tí Carl Jung kọ ní 1921, pín ènìyàn sí irú 16. Mi ò kó wọn dànù. Ó dára kí ọ̀gá mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tó yàtọ̀ sí òun ló ya ọ̀lẹ. Ṣùgbọ́n àwọn olùwádìí ti rí i pé ẹni tó bá tún ìdánwò Myers-Briggs ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan lè bọ́ sí irú mìíràn. Ẹni tó bá sì ń ṣépè fún akọ̀wé rẹ̀, tó wá ní “bí mo ṣe rí nìyẹn, choleric ni mí”, ìyẹn ọ̀kan nínú irú mẹ́rin ti Galen, kí ló tún kù? Oníbìínú tó wọ kóòtù ni.

Ilẹ̀ Yewa àti Kétu ní ọ̀nà tiwọn láti sọ̀rọ̀ ìwà tẹ́lẹ̀. Lálẹ́ Ẹ̀fẹ̀, kí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ijó àwọn tó ń gbé ère sórí, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, ẹni tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fẹ̀ máa ń kọrin bá ìwà àwọn ará ìlú wí. Àjọ UNESCO ti kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní 2001, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àjogúnbá aráyé ní 2008 ní orúkọ Benin, Nàìjíríà àti Togo. Ẹ̀fẹ̀ kì í ṣe oníwà pẹ̀lẹ́, ó lè dárúkọ ènìyàn. Ṣùgbọ́n ohun tó ń jẹ́ kó dun ènìyàn dé egungun ni pé ó ń ro ìṣe náà bó ṣe rí: ohun tí o ṣe, ibi tí o ti ṣe é. Àwọn ère orí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà, ènìyàn lẹ́nu iṣẹ́ ni ọ̀pọ̀ wọn ń fi hàn, títí kan ẹni tó jókòó ti maṣíìnì ìránṣọ.

Ibì kan wà tí ọ̀wọ̀ ti kọ́ wa ní gírámà tó ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ yìí láìjẹ́ pé a mọ̀. Ọmọ abẹ́ kò jẹ́ wí fún ọ̀gá pé “alágídí ni yín”. Ohun tó máa sọ ni: “Ẹ má bínú sà, ẹ ò tíì fèsì lórí ọ̀rọ̀ tí mo mú wá ní Mọ́ńdè.” Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìkan ló sọ, pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Òkè ni àwọn orúkọ “oní-” àti “alá-” ti ń já bọ́ lé ọmọ kékeré lórí, kò sì lè dá wọn padà. Bẹ́ẹ̀ alágídí, olóríkunkun àti aláfojúdi kì í ṣe ọ̀kan náà. Alágídí kò yí èrò rẹ̀ padà, ó sì lè jàre. Olóríkunkun kò gba ìtọ́ni. Aláfojúdi ló rí ẹni fín. Èwo nínú wọn ni ọmọ tó ní kí ìwé owó pé kí òun tó buwọ́ lù ú?

Kí n tó gbàgbé: ọ̀kánjúwà kì í ṣe ìkánjú. Mo ń gbọ́ ọ nípa òṣìṣẹ́ tó ń sáré parí iṣẹ́ kó lè tètè wọ mọ́tò, pé “ọ̀kánjúwà ti pọ̀ jù”. Ojúkòkòrò ni ọ̀kánjúwà. Oníkánjú lẹni tó ń sáré, bó bá sì ń sáré tí iṣẹ́ rẹ̀ tún ń dára, ayára ni, irú èyí tí a fi sọ kọ̀ǹpútà ní ẹ̀rọ ayárabíàṣá.