Ọmọ Tógò tó lọ rí ilẹ̀ yìnyín

Ṣé o ti di yìnyín mú rí? Kì í ṣe èyí tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ yọ́ tán nínú omi o. Yìnyín gidi ni mò ń wí, èyí tó máa ń ta èèyàn lọ́wọ́ bí iná.

Ní Àjàṣẹ́ wa yìí, inú fìríìjì la ti ń rí yìnyín. Ìyá tó ń ta omi tútù lọ́jà máa ń fọ́ ọ sínú ike. Bí oòrùn bá mú, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi di omi.

Ṣùgbọ́n ilẹ̀ kan wà tí yìnyín kì í tán. Wo máàpù ayé. Gbé ojú sókè pátápátá, sí ìhà àríwá. Wàá rí ilẹ̀ ńlá kan tí wọ́n kùn ní funfun. Gírínlándì ni orúkọ rẹ̀. Àwọn Faransé ń pè é ní Groenland. Àwọn ọmọ ilẹ̀ náà fúnra wọn ń pè é ní Kalaallit Nunaat. Bí a bá pín ilẹ̀ náà sí ọ̀nà 5, yìnyín ló bo nǹkan bí ọ̀nà 4.

Ta ló máa fẹ́ lọ sí irú ibẹ̀? Ọmọ kan fẹ́ lọ. Ọmọ Tógò ni, Tógò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa níbí. Ó sì lọ.

Ejò lórí igi àgbọn

Orúkọ ọmọ náà ni Tété-Michel Kpomassie. Ọdún 1941 ni wọ́n bí i. Àwa yóò máa pè é ní Tété.

Ní ọjọ́ kan, nígbà tí Tété ti di ọ̀dọ́mọkùnrin, ó gun igi àgbọn. Igi náà ga. Ó gùn ún títí ó fi dé òkè. Háà! Ejò wà lórí igi! Tété fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ kíákíá, ṣùgbọ́n ó já bọ́. Lẹ́yìn èyí, àìsàn dá a dùbúlẹ̀.

Bàbá rẹ̀ gbé e lọ sínú igbó mímọ́ kan, lọ́dọ̀ ìyá àgbà tó ń bọ òjòlá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ní Ouidah, àwọn èèyàn ń bọ̀wọ̀ fún òjòlá. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí níbẹ̀. Ìyá àgbà náà tọ́jú Tété, ara rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Àmọ́ ìyá náà ní kí Tété padà wá nígbà tí ara rẹ̀ bá le tán. Ó ní kí ó máa gbé inú igbó, kí ó di ọ̀kan nínú àwọn tó ń sin òjòlá.

Bàbá Tété gbà bẹ́ẹ̀. Kí ni Tété máa ṣe? Ọmọ kì í sọ pé òun kò gbọ́ ọ̀rọ̀ bàbá òun. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ejò kò tíì kúrò lára rẹ̀. Ó ń ronú ṣáá.

Ìwé kan nílé ìtàwé

Ara Tété ń yá díẹ̀díẹ̀. Ó wọ ilé ìtàwé kan ní Lomé. Ó rí ìwé kan níbẹ̀. Ìwé náà ń sọ nípa àwọn ọdẹ tó ń gbé ilẹ̀ yìnyín, tí wọ́n ń fi awọ ẹran ṣe aṣọ. Ó rà á.

Ó jókòó, ó ń kà á. Kò lè gbé e sílẹ̀ mọ́. Ìwé náà sọ pé òtútù pọ̀ ní Gírínlándì. Ó sọ pé igi kò sí níbẹ̀.

Tété rò ó lọ́kàn ara rẹ̀. Bí igi kò bá sí, bí òtútù bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀, ejò kò lè sí níbẹ̀! Òótọ́ ló rò. Títí di òní olónìí, ejò kò sí ní Gírínlándì.

Ó pinnu pé òun yóò lọ.

Ọ̀nà náà jìn

Owó ọkọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìkan ló lọ. Kò mọ ẹnikẹ́ni ní Gírínlándì. Ní ọdún 1958, ó kúrò nílé láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

(Ìwọ má ṣe bẹ́ẹ̀ o! Sọ fún ìyá rẹ kí o tó jáde.)

Báwo ló ṣe wá ń rìn? Bó bá dé ìlú kan, á wá iṣẹ́. Á ṣiṣẹ́, á kó owó díẹ̀ jọ, á tún tẹ̀ síwájú. Ó dé Gánà. Ó dé Ivory Coast, tí àwọn Faransé ń pè ní Côte d'Ivoire. Ó dé Sẹ̀nẹ̀gà. Ó ń fi lẹ́tà kọ́ ẹ̀kọ́: olùkọ́ á fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí i, òun náà á ṣe é, á sì dá a padà. Ó kọ́ èdè àwọn ẹlòmíràn. Nítorí pé ó gbọ́ èdè, ó rí iṣẹ́ ògbufọ̀ ṣe ní Gánà.

Lẹ́yìn náà, ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ó dé Paris. Bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀, ó sì ràn án lọ́wọ́ bí ẹni pé ọmọ rẹ̀ ni. Ó kọjá sí Jámánì. Láti Jámánì ó kọjá sí Dẹ́nmákì. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ tó ń lọ sí Gírínlándì ti ń gbéra.

Ọdún 1965 ni Tété tó dé Gírínlándì. Ka ìka rẹ: láti 1958 sí 1965, ọdún mélòó ni? Ọdún 7 ni ó fi wà lójú ọ̀nà. Ọmọ tó wà ní kíláàsì kìíní nígbà tó kúrò nílé á ti parí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kí ó tó débẹ̀.

Àwọn ọmọdé sá

Ọkọ̀ ojú omi ń lọ. Òtútù ń mú sí i. Yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lórí òkun, òmíràn kéré, òmíràn ga bí ilé.

Ọkọ̀ gúnlẹ̀ sí ìlú kékeré kan ní gúúsù Gírínlándì. Qaqortoq ni wọ́n ń pe ìlú náà lónìí. Àwọn ará ìlú ti jáde wá wo ọkọ̀. Tété sọ̀ kalẹ̀. Ó ga, ó sì dúdú. Gbogbo èèyàn dákẹ́ lójijì. Wọn kò rí aláwọ̀ dúdú rí níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Àwọn mìíràn sá sẹ́yìn ìyá wọn.

Ṣé o rò pé Tété bínú? Rárá. Ẹ̀rù tó bà wọ́n kò sì pẹ́. Àwọn èèyàn ilẹ̀ náà gbà á sílé. Wọ́n fún un ní oúnjẹ àti ibi tí yóò sùn. Láìpẹ́, àwọn ọmọdé ti ń tẹ̀ lé e káàkiri.

Ohun tó rí àti ohun tó jẹ

Tété kò dúró sí gúúsù. Ó ń lọ sókè sí àríwá, níbi tí òtútù ti pọ̀ jù. Níbẹ̀, òkun fúnra rẹ̀ máa ń dì nígbà òtútù. Ronú sí ọ̀sà wa nílẹ̀ yìí. Kí omi rẹ̀ dì, kí ó le bí sìmẹ́ńtì, kí èèyàn máa fi ẹsẹ̀ rìn lórí rẹ̀ láìlo ọkọ̀! Bẹ́ẹ̀ ló rí. Apẹja á gbẹ́ ihò sínú yìnyín, á ju okùn ìwọ̀ sísàlẹ̀, á sì fa ẹja jáde.

Ajá ni ẹṣin wọn. Ọ̀pọ̀ ajá ló ń fa ọkọ̀ onígi tí kò ní táyà. Ó ń yọ̀ lórí yìnyín ṣẹ̀rẹ̀rẹ̀. Tété kọ́ bí wọ́n ṣe ń darí rẹ̀.

Àgbàdo kò lè hù níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni iṣu àti ẹ̀gẹ́. Kí ni wọ́n ń jẹ? Ẹja àti ẹran. Wọ́n ń pa ẹran omi kan tí àwọn Faransé ń pè ní phoque. Ó ní irun lára, ó sì ní ọ̀rá púpọ̀ tó ń mú kí ara rẹ̀ móoru. Wọ́n tún ń jẹ awọ àbùùbùtán pẹ̀lú ọ̀rá rẹ̀ ní tútù, láìsè é. Mattak ni orúkọ oúnjẹ yẹn. Tété jẹ ẹ́. Àlejò kì í kọ oúnjẹ onílé. Èmi ò mọ̀ bóyá èmi á lè gbé e mì!

Ohun tó yani lẹ́nu jù ni ti oòrùn. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, oòrùn kì í wọ̀. Aago 12 òru á lù, oòrùn á ṣì wà lókè. Ṣùgbọ́n nígbà òtútù, oòrùn kì í yọ rárá fún ohun tó lé ní oṣù 2 ní ìlú Upernavik, níbi tí Tété gbé.

Ní Upernavik, ó gbé lọ́dọ̀ bàbá àgbàlagbà kan tó ń jẹ́ Robert Mattaaq. Tálákà ni bàbá náà. Erùpẹ̀ àti koríko ni wọ́n fi kọ́ ilé rẹ̀. Ṣùgbọ́n wo ara ògiri rẹ̀! Bàbá náà ti fi ojú ewé ìwé ìròyìn lẹ ògiri káàkiri, ọ̀kan lórí òmíràn. Ó ń kà á, ó sì ń fi í kọ́gbọ́n nípa ayé. Ògiri ni ilé ìkàwé rẹ̀.

Ó lé ní ọdún kan tí Tété fi gbé Gírínlándì. Nígbà tó yá, ó padà sí Áfíríkà kí ó lè wá ròyìn ohun tó rí fún àwọn ará ilé. Ó kọ ìwé nípa rẹ̀ lédè Faransé, L'Africain du Groenland. Ìwé náà jáde ní ọdún 1981, ó sì gba ẹ̀bùn. Ẹni tí ìwé gbé rìnrìn-àjò ti di ẹni tó kọ ìwé.

Jẹ́ ká wò ó

Bu omi sínú ife. Ju yìnyín kan sí i. Wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Èyí tó yọrí sókè kéré gan-an, àbí? Ìyókù wà nísàlẹ̀ omi. Bẹ́ẹ̀ ni òkè yìnyín tó wà lórí òkun rí. Bí o bá pín in sí ọ̀nà 10, nǹkan bí ọ̀nà 9 ló fara pa mọ́ sínú omi. Ìdí nìyẹn tí awakọ̀ ojú omi kì í fi í sún mọ́ ọn.

Àwọn tó ń lọ lónìí

Lóde òní, àwọn ọkọ̀ ojú omi kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ wọn ni láti kó àwọn arìnrìn-àjò lọ wo yìnyín. Yàrá wà nínú wọn, oúnjẹ gbígbóná wà. Owó rẹ̀ pọ̀. Àwọn kan ń lọ sí àríwá, àwọn kan ń lọ sí gúúsù ayé pátápátá, sí Antarctica.

Má ṣe da ẹranko ibi méjèèjì pọ̀ o. Àríwá ni béárì funfun ń gbé. Gúúsù ni pẹ́ńgúìnì wà, ẹyẹ tí kò lè fò ṣùgbọ́n tó ń wẹ̀ bí ẹja. Béárì funfun kò rí pẹ́ńgúìnì rí láyé rẹ̀!

Ní Antarctica, àlejò ní òfin. Àwọn tó ń fi ọkọ̀ kó èèyàn lọ ti fohùn ṣọ̀kan pé èèyàn tó máa sọ̀ kalẹ̀ síbì kan lẹ́ẹ̀kan náà kò gbọdọ̀ ju 100 lọ. Èèyàn kò sì gbọdọ̀ sún mọ́ pẹ́ńgúìnì ju mítà 5 lọ. Bí pẹ́ńgúìnì bá ń kọjá lọ, èèyàn ló máa yà fún un.

Àlejò tó ń wá sọ́dọ̀ wa

Kò tíì tó àkókò fún ọ láti wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò burú. Ẹranko kan ń ti ilẹ̀ yìnyín wá bá wa nílé.

Àbùùbùtán ni. Èyí tí mò ń sọ ni àwọn Faransé ń pè ní baleine à bosse. Gígùn rẹ̀ lè tó mítà 14. Ó ṣeé ṣe kí ó má gba inú kíláàsì yín! Ní òkun tútù tó yí Antarctica ká, ó ń jẹ ohun kéékèèké kan tó jọ edé, títí yóò fi sanra. Nígbà tí òtútù bá le níbẹ̀, á wẹ̀ wá sí òkun wa tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ibí ni ìyá ti ń bímọ, tó sì ń fún ọmọ lọ́mú. Ó máa ń wà ní òkun Bẹ̀nẹ̀ láti oṣù kẹjọ títí di oṣù kẹwàá tàbí kí ó lé díẹ̀. Bí o bá ní ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá tó ń pẹja lójú òkun ní Kútọnu tàbí Grand-Popo, bi í léèrè. Ó ṣeé ṣe kí ó ti rí i tó fò sókè, tó tún ṣubú padà sínú omi, gbì!

Dáhùn

Kí ló bẹ̀rẹ̀ ìrìn-àjò Tété: ejò ni, àbí ìwé? Sọ ìdí tí o fi rò bẹ́ẹ̀.
Kí ni Robert Mattaaq fi ògiri ilé rẹ̀ ṣe?
Ya àwòrán òkè yìnyín. Má gbàgbé apá tó wà lábẹ́ omi.