OGÓJÌ ỌDÚN: KÍ NI A Ó MÚ DÉ IBẸ̀?

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba Àjọkẹ́-ayé, Àṣàkẹ́-ọ̀run. Ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ kí ó máa bá Ànábì Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, ọ̀rọ̀ kan wà tí a sábà máa ń gbọ́ lẹ́nu yín lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, ìbáà ṣe ní Ọ̀wọ̀, ní Ìfọ̀n tàbí ní Ìdó-Àní: “Àfáà, àwọn ẹgbẹ́ mi ti lọ, èmi nìkan ni mo kù.” Ẹnì kan ti ṣe ìdánwò JAMB lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò wọlé. Òmíràn kọ́ṣẹ́ télọ̀ parí, kò rówó ra ẹ̀rọ. Arábìnrin kan ti lé ní 30 ọdún, kò tíì lọ́kọ, ó sì ti ń sá fún òde ìnáwó nítorí ìbéèrè àwọn ìyá.

Àwa náà mọ ẹrù yìí lórí. Ẹni 23 ọdún ni wá nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń múra ìdánwò ìwé mẹ́wàá. Ọ̀kan nínú àwọn tí a jọ jókòó ní kíláàsì jẹ́ ọmọ tí àwa fúnra wa ń kọ́ ní kéwú nírọ̀lẹ́. Ojú tì wá tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pa ọjọ́ orí wa mọ́. Ní báyìí tí ogójì ti ń sún mọ́ wa, ohun tí ó yé wa ni a fẹ́ kí ẹ tètè mọ̀.

Ẹ̀kọ́ kìíní: Alùkùránì dárúkọ ogójì ọdún. Nínú Súrà Al-Ahqaf (46:15), Ọlọ́hun sọ nípa ọmọ ènìyàn tí ìyá rẹ̀ fi ìnira lóyún rẹ̀, tí ó sì fi ìnira bí i, títí ó fi dàgbà, tí ó pé ogójì. Kí ni ó ń wí nígbà náà? Ó ń bẹ Olúwa rẹ̀ kí ó lè dúpẹ́ oore tí a ṣe fún òun àti àwọn òbí òun, kí ó lè ṣiṣẹ́ rere, kí ọmọ rẹ̀ sì dára. Ó ronú pìwà dà, ó sì juwọ́ sílẹ̀ fún Ọlọ́hun. Ẹ wò ó dáadáa: kò ka ilé, kò ka ọkọ̀, kò sì ka ti ẹgbẹ́ rẹ̀.

Ẹni ogójì ọdún ni Ànábì wa nígbà tí ìmísí kọ́kọ́ dé bá a ní ihò Hira, ní nǹkan bí ọdún 610. Nígbà tí ẹ̀rù bà á, ìwà rẹ̀ ni Khadijah fi tù ú nínú: ó ń so okùn ẹbí, ó ń ran aláìní lọ́wọ́, ó ń gba àlejò. Ìwà tí ó ti ń hù láti ọjọ́ yìí wá ni ó bá a dé ibẹ̀.

Ẹ̀kọ́ kejì: Àkókò kò dọ́gba. Ọdún 1917 ni a bí Sheikh Adam Abdullahi Al-Ilori. Ọdún 1952 ni ó dá Markaz sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta, kí ó tó gbé e lọ sí Agége ní 1955. Nílé wa níhìn-ín, Olóyè Adékúnlé Ajásin kì í ṣe Mùsùlùmí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ wà nínú ìgbésí ayé rẹ̀. Ọdún 1908 ni a bí i ní Ọ̀wọ̀. Ó ti ṣe tíṣà fún ọdún púpọ̀ kí ó tó wọ Fourah Bay College ní Sàró ní 1943. Ní 1947 ó di ọ̀gá ilé ìwé Imade College, Ọ̀wọ̀; ní 1979 ó di gómìnà Ìpínlẹ̀ Òǹdó, ó sì ti tó ẹni 70 ọdún.

Àgbẹ̀ wa mọ èyí. Iṣu kì í kọjá ọdún, ṣùgbọ́n kòkó lè gbà tó ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kí ó tó so. Àgbẹ̀ wo ni yóò gé kòkó rẹ̀ nítorí pé iṣu aládùúgbò ti ta?

Ẹ̀kọ́ kẹta: Ìtẹ́lọ́rùn kì í ṣe ọ̀lẹ. Súrà An-Nisa (4:32) kọ̀ fún wa láti ṣe ojúkòkòrò sí ohun tí Ọlọ́hun fi ṣoore fún ẹlòmíràn. Ẹsẹ kan náà sọ pé ọkùnrin ní ìpín nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, obìnrin ní ìpín nínú iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì pàṣẹ pé kí a tọrọ nínú oore Ọlọ́hun. Nítorí náà gba ara rẹ bí o ti wà, ṣiṣẹ́, sì máa tọrọ. Ẹni tí ó bá fi ojú ẹgbẹ́ wo ara rẹ̀ ni owó òjijì máa ń tàn, òun náà ni ó máa ń fi ìkánjú wọ ilé ọkọ tí kò yẹ ẹ́.

Ọmọ kéwú wa tí a wí yẹn, òun ni ó ń là wá lóye nínú ìṣirò lọ́sàn-án. Àwa ń là á lóye nínú Alùkùránì nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí a jẹ́ kí ó kọ́ wa láìtijú ni ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í yé wa.

Fún ìjíròrò ní àpéjọ yín:
1. Àdúà wo ni ẹni ogójì ọdún ṣe nínú Súrà Al-Ahqaf?
2. Ìwà wo ni o ń kó jọ báyìí, tí ẹni tó sún mọ́ ọ lè fi jẹ́rìí rẹ?

Kí Ọlọ́hun fi ìpín wa tẹ́ wa lọ́rùn, kí Ó sì fi ìbùkún sí i. Àmín.