Òkè Oníná Tí Ó Dàbí Asà

Bí a bá dárúkọ òkè oníná fún àwọn ọmọ kíláàsì, òkè ṣóńṣó ni wọn a máa yà sí ara síléètì. Ṣùgbọ́n Mauna Loa, ní erékùṣù Hawaii, kò rí bẹ́ẹ̀: ó tẹ́ rẹrẹ bí asà tí a dojú rẹ̀ dé ilẹ̀, síbẹ̀ ó ga ní mítà 4,169 láti orí òkun.

Òkúta yíyọ́ inú rẹ̀ ni ó fà á. Bí a bá da ẹ̀kọ gbígbóná (ẹ̀kọ mímu ni a ń wí) sórí àwo, yóò ṣàn títẹ́. Ṣùgbọ́n ọkà a dúró gegere níbi tí a rọ ọ́ sí. Èròjà yanrìn kò pọ̀ nínú òkúta yíyọ́ Mauna Loa, nítorí náà kò ki. Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ a sì máa rọra jáde, kì í sábà bú gbàmù. Ó ń ṣàn jìnnà kí ó tó dì, ìpele sì ń gun orí ìpele.

Kí a má ṣe kọ́ ọmọ pé òkè títẹ́ kò léwu. Ní ọdún 1926, ìṣàn rẹ̀ bo ìlétò Hoʻōpūloa ní etí òkun mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ó dákẹ́ fún ọdún 38, ó tún yọ iná ní 2022.