Ihò Kan Náà, Àpáta Kan Náà: Kí Ló Ń Gbé Radon Lọ Sókè?

Ẹ jẹ́ ká sọ pé wọ́n wọn radon nínú ihò ìwakùsà kan lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó kéré. Nígbà tó máa fi di Tọ́sìdeè, ó ti pọ̀ gan-an. Wọn ò gbẹ́ ibi tuntun, àpáta ò sì yí padà. Ojú ọjọ́ ló yí padà.

Látinú uranium tó wà nínú àpáta ni radon ti ń wá. Gáàsì ni, kò láwọ̀, kò lóòórùn. Láàárín ọjọ́ 3.8, ìdajì rẹ̀ á ti di nǹkan míì bíi polonium, tó máa ń lẹ̀ mọ́ eruku. Tí èèyàn bá fà á símú, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ti ń ṣọṣẹ́. Lọ́dún 1879, Härting àti Hesse kọ̀wé nípa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró tó ń pa àwọn awakùsà Schneeberg ní Jámánì. Ẹnikẹ́ni ò tíì mọ radon nígbà yẹn.

Tí afẹ́fẹ́ òde bá ń tẹ ilẹ̀ dáadáa, radon ò ní ráyè jáde nínú sísán àpáta. Tí ìtẹ̀ yẹn bá já wálẹ̀, bí ìgbà tí ìjì ń bọ̀, àpáta á máa mí síta. Ẹ rántí ìgò mínírà tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí (kì í kúkú ṣe ohun kan náà o, ṣùgbọ́n ó jọ ọ́).

Ooru náà ńkọ́? Tí ìta bá tutù ju inú ihò lọ, afẹ́fẹ́ inú á gòkè jáde, tuntun á wọlé. Tí méjèèjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣọgba, afẹ́fẹ́ á dúró sójú kan, radon á kó jọ.

Omi ló yà mí lẹ́nu jù. Mo rò pé ṣe ló máa dá gáàsì dúró. Àṣé nígbà tí radon bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dáyé, átọ́ọ̀mù rẹ̀ máa ń ta bí ọta ìbọn. Tí àárín hóró àpáta bá gbẹ, ó lè wọnú hóró kejì kó há síbẹ̀. Tí omi díẹ̀ bá wà níbẹ̀, omi á gbà á dúró, lẹ́yìn náà á rọ́nà jáde. Àmọ́ tí omi bá kún ibẹ̀ dẹ́nu, kì í tètè rìn.

Ìdí nìyí tí mi ò fi gba ìwọ̀n ọjọ́ kan ṣoṣo gbọ́. Ẹni tó wọ ihò lọ́jọ́ ìjì, ti ọjọ́ ìjì ló máa fà símú. Ó yẹ kí ẹ̀rọ máa wọ̀n ọ́n lójoojúmọ́, bí wọ́n bá sì pa fáànù lóru, kí wọ́n jẹ́ kó fẹ́ ihò náà dáadáa kí ẹnikẹ́ni tó wọlé láàárọ̀.