Níbo ni Ẹ Gbé Tẹlifíṣàn Yín Sí?

Ọkùnrin kan ní sítẹ́ríò tí ó fẹ́ràn púpọ̀. Bí ó bá fi orin sí i ní alẹ́ Sátidé, ìlù a máa dún ketekete, ohùn akọrin a sì mọ́ gaara. Nígbà tí ó yá, ó ra tẹlifíṣàn ńlá. Ó gbé e sí àárín sípíkà méjèèjì, ó sì ti àwọn sípíkà sẹ́yìn títí wọ́n fi kan ògiri, kí àwòrán lè hàn dáadáa. Láti ọjọ́ náà ni orin kò ti dùn mọ́. Akọrin dà bí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ láti inú ìkòkò. Ó gbé sítẹ́ríò lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ rédíò, ó sanwó, ó gbé e padà wálé. Bákan náà ni.

Kò sí ohun tí ó ṣe sítẹ́ríò náà. Ibi tí a gbé tẹlifíṣàn àti sípíkà sí ni ó fa ìjà. Irú rẹ̀ pọ̀ nínú ilé wa, owó tí a sì ń fi ṣòfò lórí rẹ̀ kò kéré.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ohùn ṣe ń rìn. Nínú afẹ́fẹ́, ó ń rìn tó 340 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí ó bá kan ohun líle, bí ògiri tàbí dígí, a ta padà bí bọ́ọ̀lù. Bí ó bá kan ohun rírọ̀, bí aṣọ tàbí tìmùtìmù, díẹ̀ nínú rẹ̀ a rì síbẹ̀. Ẹ wọ yàrá tuntun tí kò tíì sí ẹrù nínú rẹ̀, kí ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ ó gbọ́ bí yóò ti máa hó wọ̀ọ̀. Ẹ tún pàtẹ́wọ́ nínú yàrá tí bẹ́ẹ̀dì àti aṣọ kún inú rẹ̀: pá! ó tán.

Tẹlifíṣàn le, ó sì tẹ́jú. Lójú ohùn, ògiri ni. Bí sípíkà bá wà lẹ́yìn rẹ̀ díẹ̀, apá kan nínú ohùn a lọ lu ẹ̀gbẹ́ tẹlifíṣàn kí ó tó dé etí wa. Èyí tí ó ta padà yìí ń dé lẹ́yìn èyí tí ó wá tààrà. Kò pẹ́ tó kí a gbọ́ ọ bí ohùn méjì, ṣùgbọ́n ó tó láti da ọ̀rọ̀ rú. Nítorí náà, ẹ fa sípíkà síwájú, kí ojú wọn kọjá ojú tẹlifíṣàn ní ìdajì ẹsẹ̀ bàtà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí ni mo kà sí pàtàkì jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, kò sì ní ná yín ní kọ́bọ̀.

Kí ló dé tí sípíkà fi jẹ́ méjì? Alan Blumlein, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó kọ̀wé béèrè ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n yìí ní ọdún 1931, fẹ́ kí ohùn máa ti ibi tí ẹni tí ń sọ̀rọ̀ wà jáde. Bí a bá jókòó sí àárín, tí ohùn méjèèjì dé etí wa pọ̀, ọkàn wa a gbà pé àárín ni akọrin dúró sí, bẹ́ẹ̀ kò sì sí sípíkà níbẹ̀. Àárín yìí gan-an ni àyè tẹlifíṣàn.

Ẹ rántí ààrò mẹ́ta tí a fi ń gbé ìkòkò kaná. Sípíkà kan ni ààrò kìn-ín-ní, èkejì ni ààrò kejì, àga yín ni ẹ̀kẹta. Bí sípíkà méjèèjì bá fi ẹsẹ̀ bàtà 7 jìnnà síra, kí àga náà jìnnà sí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ẹsẹ̀ bàtà 7. Bí pálọ̀ bá kéré, ẹ lo 5. Ẹ má ṣe há sípíkà mọ́ kọ̀rọ̀ ilé, nítorí ohùn ìlù ńlá a máa kó jọ síbẹ̀, a sì bo ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀.

Àwọn kan ń gbé tẹlifíṣàn lé orí sípíkà. Kò dára rárá. Òòfà, irin tí ń fa irin, wà nínú sípíkà. Bí tẹlifíṣàn àtijọ́ oníkùn ńlá bá sún mọ́ ọn, àwọ̀ àwòrán a yí padà. Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ kò ní wàhálà yẹn, ṣùgbọ́n sípíkà a máa gbọ̀n bí ìlù bá ń dún, tẹlifíṣàn lè sún díẹ̀díẹ̀ dé etí, kí ó já lu ọmọdé.

Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ náà ní àléébù tirẹ̀. Sípíkà inú rẹ̀ kéré, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó sì kọjú sí ilẹ̀ tàbí sí ògiri ẹ̀yìn. Ìyá àgbà a ní, “Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè, n ò gbọ́ nǹkan kan.” A gbé e sókè, aládùúgbò bínú, síbẹ̀ màmá kò gbọ́ ìròyìn. Kì í ṣe ariwo ni wọ́n ń fẹ́. Ọ̀rọ̀ tí ó já gaara ni. Ẹ fi wáyà so tẹlifíṣàn mọ́ sítẹ́ríò, kí ẹ sì pa ohùn ti tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀, kí ẹni méjì má baà máa sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ẹ dán an wò ní alẹ́ òní. Ẹ fi ìròyìn sí, kí ìyá àgbà jókòó sí àyè wọn, kí ẹnì kan máa fa sípíkà síwájú díẹ̀díẹ̀. Ibi tí màmá bá ti ní, “Ó tó, mo ń gbọ́ ọ báyìí,” ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ilẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí yóò gbálẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la yóò sún un.