Bí Pásífáyà Ọmọ Kò Ṣe Ní Máa Já Bọ́ Nígboro

Nínú ilé, bí pásífáyà, ìyẹn ọmú rọ́bà tí kò ní oúnjẹ nínú, bá já bọ́ lẹ́nu ọmọ, ẹ ó mú un, ẹ ó fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ní ọjà Bódìjà tàbí Òkè-Àrín, nǹkan kì í rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ọmọ wà lẹ́yìn, ẹrù wà lọ́wọ́, ilẹ̀ ọjà rin gbindin, ẹ ò sì ní mọ̀ pé ó ti lọ títí ọmọ yóò fi figbe ta.

Ohun tí ẹ nílò ni okùn kúkúrú tó ní kílíìpù, ibi tó tọ́ láti há a sí, àti pásífáyà méjì mìíràn tó mọ́ nínú báàgì. Ilé la ti ń ṣètò wọn, kì í ṣe ibùdókọ̀.

Bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù kan, tó sì ń mu ọmú ìyá, ẹ fi pásífáyà sílẹ̀ ná kí ó fi mọ ọmú fà dáadáa. Nọ́ọ̀sì lè bojú jẹ́ tó bá rí i lẹ́nu ọmọ níbi àjẹsára, kì í ṣe ìkà. Ìlànà mẹ́wàá tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti UNICEF gbé jáde ní 1989 sọ pé kí wọ́n má fún ọmọ tó ń mu ọmú ní pásífáyà rárá. Nígbà tí wọ́n tún un ṣe ní 2018, wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ ìlera máa la ewu inú rẹ̀ yé ìyá. Ẹ bi nọ́ọ̀sì náà, yóò ṣàlàyé.

1. Ẹ yẹ pásífáyà náà wò

Ẹ fi ọwọ́ kan di àwo pẹlẹbẹ tó máa ń wà níwájú ètè ọmọ mú, kí ẹ fi ọwọ́ kejì fa orí ọmú náà gan-an sọ́tùn-ún, sósì, kí ẹ tún fà á síwájú. Bó bá fẹ́ yọ, tó ti sán, tàbí tó ń lẹ̀ mọ́ yín lọ́wọ́, ẹ sọ ọ́ nù. Èyí tó ní àwọ̀ oyin, tí wọ́n fi rọ́bà ara igi ṣe, máa ń tètè bàjẹ́ nínú oòrùn ju ti sílíkónì tó mọ́ gaara lọ.

Ẹ wo iye oṣù tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Èyí tó kéré jù fún ẹnu ọmọ kì í dúró, ó sì lè wọ inú ẹnu tán. Àwo rẹ̀ gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ẹnu ọmọ lọ, kí ó sì ní ihò méjì ó kéré tán, kí afẹ́fẹ́ lè gbà á kọjá.

2. Ẹ wá okùn tó tọ́

Ẹ lè rà á, ẹ sì lè fi àjẹkù ańkárá rán an. Èyí tó wù kó jẹ́, kò gbọdọ̀ gùn ju sẹ̀ǹtímítà 22 lọ. Ìwọ̀n tí wọ́n ń tẹ̀ lé ní ilẹ̀ Yúróòpù nìyẹn, kí okùn má baà lè yí ọrùn ọmọ po. Kò tó rúlà àwọn ọmọléèwé ní gígùn.

Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ ó rán an, ẹ ṣẹ́ aṣọ náà po títí yóò fi fẹ̀ tó ìka méjì, kí ẹ rán etí rẹ̀ pa. Ní ìparí kan, ẹ rán okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tó ká bọ ara rẹ̀ mọ́ ọn. Ní ìparí kejì, ẹ rán kílíìpù oníke mọ́ ọn, irú èyí tí kò ní eyín irin tó lè ya aṣọ. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ so ó, ẹ ti okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn gba inú òrùka ẹ̀yìn pásífáyà, kí ẹ wá fi kílíìpù gba inú okùn náà, kí ẹ fà á le.

Ẹ má lo rọ́bà tó ń fà, torí pé sẹ̀ǹtímítà 22 lè di 40 lọ́wọ́ ọmọ. Pín ìlédìí náà kò dára: ó máa ń ṣí, ó sì ń gún ni. Okùn onílẹ̀kẹ̀ tó wà lóde báyìí dùn ún wò lóòótọ́, àmọ́ bí okùn rẹ̀ bá já, ìlẹ̀kẹ̀ ni ọmọ yóò gbé mì. Èmi ò ní ra irú rẹ̀.

Ẹ má ṣe so pásífáyà mọ́ ọrùn ọmọ láé. Ní Amẹ́ríkà, òfin kò tilẹ̀ gbà kí wọ́n ta pásífáyà tí wọ́n ti so okùn tàbí ríbọ́ọ̀nù mọ́.

3. Ibi tí ẹ ó há kílíìpù sí

Bí ẹ bá gbé ọmọ sọ́wọ́ tàbí sórí itan, ẹ há a mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, sí ẹ̀gbẹ́ kan. Aṣọ ọmọ sábà máa ń fẹ́lẹ́, kílíìpù á sì máa yọ̀ kúrò lára rẹ̀; ẹ ṣẹ́ ibẹ̀ po sí méjì kí ó lè rí ohun tó nípọn gbá mú. Ẹ má há a mọ́ bíìbù tàbí fìlà, ọmọ á fa gbogbo rẹ̀ bọ́ pọ̀.

Ti ọmọ tí a pọ̀n ló gba ọgbọ́n. Àyà ọmọ lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn yín, ìró àti ọ̀já sì bò ó dé abíyá. Bí ẹ bá há kílíìpù mọ́ àyà aṣọ rẹ̀, ike náà yóò máa tẹ̀ ẹ́ láyà ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fún ọ̀já le. Èjìká aṣọ ọmọ ni kí ẹ há a sí, ní ìhà tó máa ń kọjú sí bó bá ti gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé yín lẹ́yìn. Bó bá bọ́ lẹ́nu, ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ ni yóò rọ̀ sí, ẹ ó sì lè na ọwọ́ sẹ́yìn kàn án láìsọ ọmọ kalẹ̀.

Ẹ há a kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ láti gbé ọmọ pọ̀n. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti di ọ̀já tán, ẹ ní kí ẹnì kan bá yín wo ẹ̀yìn, bóyá okùn náà kò há sábẹ́ ìró, kò sì gba iwájú ọrùn kọjá.

Àwọn kan máa ń há a mọ́ èjìká búláòsì tiwọn. Ó ń ṣiṣẹ́, àfi ìgbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ọmọ kalẹ̀ nínú kẹ̀kẹ́: ìyá ń lọ síwájú, pásífáyà ń bá a lọ, igbe tuntun bẹ̀rẹ̀.

Bí ọmọ bá sùn, ẹ tú okùn náà kúrò lára aṣọ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ẹ̀yìn ló wà tàbí ìjókòó ọkọ̀. Bí pásífáyà bá sì bọ́ lẹ́nu rẹ̀ lójú oorun, kò sídìí láti fi í padà sí i lẹ́nu.

4. Ohun tí ẹ ó kó sínú báàgì

Méjì tó mọ́, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà nínú ike kékeré tó ní ìdérí, àti ọ̀rá kan fún èyí tó bá dọ̀tí. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n pàdé.

Kí ọmọ tó kọ́kọ́ lo èyí tó jẹ́ tuntun, ẹ sè é nínú omi híhó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ tẹ orí rẹ̀ kí omi tó wọ inú rẹ̀ lè jáde. Omi gbígbóná tó bá ṣẹ́kù síbẹ̀ lè jó ọmọ lẹ́nu.

5. Bó bá ṣì já bọ́

Ẹ fi í sínú ọ̀rá, kí ẹ fún ọmọ ní èyí tó mọ́. Ẹ má fi etí ìró nù ún, ẹ má sì fi ẹnu yín lá a: kòkòrò tó ń jẹ eyín àgbà lè gba ibẹ̀ dé ẹnu ọmọ. Fífi oyin pa á lára kí ọmọ lè gbà á léwu fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan, nítorí àrùn bọ́túlísíìmù tó lè ti inú oyin wá, tó ń sọ iṣan ara di aláìlágbára.

Èyí tó rọ̀ lára okùn náà lè ti dọ̀tí. Bó bá kan tábìlì alátà tàbí irin dánfó, bí ẹní já bọ́ ni.

Bí ọmọ bá ń tu ú dànù léraléra, ebi lè máa pa á, ẹ fún un lọ́mú kí ẹ tó gbìyànjú ẹ̀ẹ̀kan sí i. Bó bá ti tó nǹkan bí oṣù mẹ́jọ, ó tilẹ̀ lè jẹ́ eré ló fi ń ṣe: ó ń jù ú kí ó lè rí yín mú un. Nígbà náà, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, kí ẹ fún un ní nǹkan mìíràn dì mú.

6. Bí ẹ bá délé

Ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ gbogbo èyí tó wà nínú ọ̀rá; bí ọmọ kò bá tíì pé oṣù mẹ́fà, ẹ sè wọ́n. Ẹ fọ okùn náà pẹ̀lú, itọ́ máa ń gbẹ sí i lára. Kí ẹ tó sá a, ẹ fa kílíìpù àti ojú ìránṣọ rẹ̀ wò. Èyí tó bá ti ń tú, ẹ má tún un rán, ẹ gé òmíràn.